Èérún Pákó Nídìí Ọsàn

                    Ilé Káfíńtà,
                    Ẹ̀yìn Ilé-Ìwé Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.
                    Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹta.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà, Ìyá Ìbejì,

Ṣé dáadáa lo wà? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó ń dun bàbá wọn ńkọ́, ṣé ó ti ń fi tẹlẹ̀? Àwa náà wà, a dúpẹ́. Ọ̀rọ̀ ọsàn nìkan ni kò dára, inú sì ń bí mi gan-an.

Nínú gbogbo ọ̀gbìn ọsàn tí o fọwọ́ ara rẹ gbìn láti orí kóró fún mi, méjì péré ló kù. Ikán ti jẹ ìyókù. Kì í ṣe èyí tó ń mọ ògán síta o, abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ń gbà wá. Ewé á kàn rọ lójijì. Tí o bá fà á, á tẹ̀lé ọ wọ́ọ́rọ́, gbòǹgbò ti tán.

Ìwọ náà mọ káfíńtà tí mo fẹ́. Èérún pákó tó ń já bọ́ nídìí ayùn rẹ̀ ló ń kó sídìí ọsàn, kí ilẹ̀ má baà gbẹ. Mo ní oúnjẹ ló ń gbé fún ikán yẹn. Ó ní, "Iṣẹ́ igi ni mo fi ń bọ́ ọ, ìwọ lo wá fẹ́ kọ́ mi nípa igi?" Ó tún ní ọ̀gbìn tìrẹ gan-an ni kò lágbára. Èyí ló dùn mí jù.

Olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ tó ń gbé òdìkejì wa wá wò ó. Ó ní kí a kó èérún àti kùkùté gbígbẹ kúrò, kí a tú ilẹ̀ níbi tí a bá ti rí ọ̀nà amọ̀ tí ikán ń gbà, kí a sì máa bomi rin ọsàn déédéé, torí igi tí òùngbẹ ń gbẹ ni ikán ń kọ́kọ́ dojú kọ. Baálé mi ń mi orí, ó dúpẹ́, ó tilẹ̀ sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Mo gbá gbogbo èérún náà dànù, mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Àṣé baálé mi ti kọ etí ikún sí i. Láàárọ̀ yìí, mo tún bá èérún tuntun nídìí méjèèjì, rúgúdú. Ó ní oòrùn ń mú jù. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Mo ti hú wọn tòun ti erùpẹ̀ ìdí wọn. Àwọn ló wà nínú agbọ̀n tí awakọ̀ gbé fún ọ pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Jọ̀wọ́, gbìn wọ́n sẹ́yìn ilé rẹ fún mi. Kí n máa wá kí wọn lọ́dọ̀ rẹ sàn ju kí n máa ṣọ̀fọ̀ wọn níbí.

Bá mi kí Bàbá Ìbejì àti àwọn ọmọ. Bí baálé mi bá wá ọsàn rẹ̀ tì, màá ní kó lọ bi ikán.

                    Ọ̀rẹ́ rẹ tí inú ń bí,
                    Ìyàwó Káfíńtà.