Ọjọ́ Tí A Pe Àgbà Jọ Nítorí Kọ̀ǹpútà

Anloga Junction, Kùmásì,
14 oṣù kẹjọ, 1997.

Àìṣátù ọmọ mi,

Àsàlámù àlékúmù. Àkrá ńkọ́? Ìwé ńkọ́? Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí oòrùn ìlú ẹlòmíràn pa ọ́ lára. Àwa ń jẹ, à ń mu, pákó odum, ìrókò tí à ń tà, ti gbówó lórí, àbúrò rẹ Táhírù sì ń sùn bí ẹni tó ń gba owó oṣù lórí oorun.

Mo rí díísìkì méjìlélógún tí o fi rán dírẹ́bà, pé kí a kì wọ́n sínú kọ̀ǹpútà tí o gbé wá nígbà Iléyá èṣí. O ní ètò tuntun tí ẹ̀rọ yóò máa fi ṣiṣẹ́ ló wà nínú wọn, ọ̀fẹ́ ni, pé ẹnikẹ́ni lè ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kó tún un ṣe, kó sì fi ta aládùúgbò lọ́rẹ. Mo rò ó títí. Ohun tí a kò bá jìyà fún kì í tọ́jọ́, àbí sàráà ni? Òkú ta ni wọ́n ń ṣe é fún? Mo bá pe Yaw tó ń kọ́ni ní táípù ní Asafo.

Díísìkì àkọ́kọ́ wọlé, ẹ̀rọ kọ òyìnbó gígùn jáde, ó ní ṣé mo gbà. Yaw ní, "Agya, aane kɛkɛ," kí n ṣáà ti ní bẹ́ẹ̀ ni. Èmi tí n kò fẹ́ ìyá rẹ láìsí ẹlẹ́rìí! Mo ra gooro, mo pe Alhaji Ṣẹ̀rífù àti àgbà mẹ́rin lẹ́yìn ìrun Alásárì. Alhaji béèrè pé ará ilé ẹni tó fún wa ní nǹkan dà, nítorí ẹnì kan kì í dá àdéhùn ṣe. A wò yíká, a kò rí ẹnì kankan, la bá ní kí Yaw bọ́ sí òdìkejì, kó jókòó fún wọn bí mọ̀lẹ́bí. Ó gba gooro tirẹ̀. Ó wá kà á pé bí nǹkan náà bá bàjẹ́, kí a má wá wọn wá. Inú Alhaji dùn, ó ní láti ogójì ọdún tí òun ti ń tajà, òun kò tíì rí ọlọ́jà tó sọ bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀. A ṣe àdúà, mo gbà.

Àfi bí ẹ̀rọ tún ṣe béèrè ìkejì. Ó ní gbogbo ohun tó wà níkùn òun tẹ́lẹ̀ ni òun máa pa rẹ́, ṣé mo gbà. Ìka Yaw ti wà lórí bọ́tìnnì. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. O mọ ohun tó wà níbẹ̀: orúkọ àwọn èèyàn wa tí ìjọba lé kúrò ní Ghana lọ́dún 1969, tí ìyá rẹ ń pè fún ọ bí o ṣe ń tẹ̀ ẹ́, oṣù kan kó tó kú. Alhaji ní kí n mú ìwé àti bírò wá. Yaw yọ díísìkì, ó tún ẹ̀rọ tàn, ó ṣí àwọn orúkọ náà. Ó ń kà, mo ń kọ, àwọn àgbà sì ń dá wa dúró, pé a fo Sàbírátù, pé ọmọ Oyèdélé kì í ṣe méjì, mẹ́ta ni. Orúkọ mọ́kànlélógójì ni ìyá rẹ fi sílẹ̀. Nígbà tí a parí, ó ti di mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Ìgbà náà ni mo tó ní kí Yaw dá díísìkì padà, kó tẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́ méjì la fi ń ki díísìkì bọ ẹ̀rọ lẹ́nu. Níkẹyìn ó ní kí n mú ọ̀rọ̀ àṣírí kan tí èmi nìkan mọ̀, tí n kò ní gbàgbé láéláé. Mo mú orúkọ ìyá rẹ, Sùwéébátù. Mo sọ ọ́ fún àwọn àgbà náà, torí àdéhùn wo ni ẹlẹ́rìí kì í mọ̀? Wọ́n ní kò sí àṣírí tó jù ú lọ.

Gooro yẹn gbẹ àpò mi, fi nǹkan díẹ̀ ránṣẹ́. Fi díísìkì òfìfo kún un, Alhaji fẹ́ ẹ̀dà tirẹ̀. Kò ní kọ̀ǹpútà, ó ní òun á tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí. Ọlọ́run á jẹ́ kí o rí ọwọ́ lò, ẹni tí yóò ṣe ọ́ ní ibi kò ní rí ọ.

Bàbá rẹ,
Màmúdù Bákàrè.

Àyè ṣẹ́kù lórí ìwé. Nígbà tí mo tẹ orúkọ ìyá rẹ, n kò rí lẹ́tà kan ṣoṣo lójú ẹ̀rọ, mo rò pé ó kọ̀ ọ́ ni. Yaw ní bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe kí ẹlòmíràn má bàa kà á, kí n tẹ̀ ẹ́ tán. Mo tẹ̀ ẹ́ tán, ó ṣí. Àràárọ̀ ni mo ń tẹ̀ ẹ́ báyìí, bí n kò tilẹ̀ ní iṣẹ́ kankan ṣe níbẹ̀.