Àkàbà fún Àwọn Ọmọ Bir Sdir

Èmi Dalenda, ọmọ Habib Mzoughi, aránṣọ ní Bir Sdir lẹ́bàá Gabès, ìyàwó Slim Kedidi, ni mo ń fi ọwọ́ ara mi kọ ìwé ìhágún yìí, pẹ̀lú làálì ìgbéyàwó tí kò tíì ṣí lọ́wọ́ mi. Orí mi pé. Àyà mi ló bàjẹ́: dókítà ní mi ò ní rí ìkórè ólífì tó ń bọ̀. Slim mọ̀ kó tó fẹ́ mi, ó sì fẹ́ mi! Ẹ bá mi yọ̀. Mi ò tíì mọ irú ayọ̀ yìí rí.

Olùkọ́ Béchir ni yóò mú ọ̀rọ̀ inú ìwé yìí ṣẹ.

Èkíní. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi, mo fi fún Hayet, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi Mongi. Ó ti máa ń yá a tẹ́lẹ̀. Kó má wulẹ̀ dá a padà mọ́.

Èkejì. Ewúrẹ́ dúdú, kí Àǹtí Nefissa, àbúrò bàbá Slim, mú un, kó sì so ó mọ́lẹ̀ dáadáa. Gbogbo igi tí mo gbìn fún ìbòji sínú ilẹ̀ Bàbá ló jẹ tán. Slim ló lé e dé ẹnu ọ̀nà mi lọ́jọ́ kan. Ó ní, “Ṣé ìwọ lo ni ewúrẹ́ yìí, àbí òun ló ni ẹ́?” Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀.

Ẹ̀kẹta. Ilẹ̀ ólífì tí Bàbá fi sílẹ̀ fún mi. Nígbà tí mo wà ní girama, wọ́n gbé máàpù ìlú wá sí kíláàsì wa. Ìgbìmọ̀ ìlú ti kun ilẹ̀ náà ní àwọ̀ ewé: ibi ìgbafẹ́ àti ìṣeré fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Àwọn tó ń bọ̀ ti dé. Ilé ti yí ilẹ̀ náà ká, àwọn ọmọ ń gbá bọ́ọ̀lù láàárín ọkọ̀ akẹ́rù, ìgbìmọ̀ kò sì rà á. Mo tún lọ bá wọn kí n tó ṣègbéyàwó. Akọ̀wé wọn ní, “Arábìnrin wa, ọ̀dà aláwọ̀ ewé lagbára wa ká. Ilẹ̀ ti wọ́n jù wá lọ.” Ó ní àkókò tí òfin fi dè é ti pé, ẹni tó bá wù ú lè kọ́lé síbẹ̀.

Òfin wa kò jẹ́ kí ẹni tí ikú ti sún mọ́ fi ju ìdá kan nínú mẹ́ta tọrẹ. Mo fi ìdá náà fún ìlú, kó jẹ́ ibi ìṣeré títí láé. Nínú èyí tó kù, ìdajì jẹ́ ti ọkọ mi, ìdajì jẹ́ ti Mongi. Slim ti búra pé òun yóò da tòun pọ̀ mọ́ ti ìlú. Ká ní mi ò lọ́kọ ni, Mongi ni ìbá kó gbogbo èyí tó kù. Ìdí nìyẹn tó fi pariwo níbi ìgbéyàwó wa: “Ta ló ń fẹ́ ẹni tó ń kú lọ? Ilẹ̀ lo wá fẹ́!” Slim ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, àna mi. Àwọn ọmọ yín ni yóò sì máa ṣeré lórí rẹ̀.”

Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ: mo ti lọ́kọ!

Ẹ̀kẹrin. Apá iwájú, níbi tí géètì àti kànga wà, ni Mongi ti yàn fún ara rẹ̀. Búlọ́ọ̀kù ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ti wà níbẹ̀. Ibi ìṣeré tí kò ní ẹnu ọ̀nà ni mo ń fún ìlú, mo sì mọ̀. Àǹtí Nefissa ní, “Kí wọ́n sin ẹ́ sẹ́nu géètì, ọmọ mi. Ta ló máa kọ́ ṣọ́ọ̀bù lé sàréè?” Rárá o. Ọmọdé kì í pariwo lẹ́bàá sàréè. Ẹ sin mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá ní ibojì ìlú.

Ẹ̀karùn-ún. Ẹ̀gbọ́n mi Mongi, mi ò tọrọ ilẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ni mo tọrọ, tó fẹ̀ tó ọmọ méjì tó di ọwọ́ ara wọn mú. Báyẹn ni ẹ̀yin àti èmi ṣe máa ń gba géètì yẹn wọlé. Mo mọ̀ pé ẹ kò ní fún mi.

Ẹ̀kẹfà. Nítorí náà, àkàbà tí mo fi ń ká ólífì, èyí tó gùn jù, mo fi fún àwọn ọmọ Bir Sdir. Kí Slim gbé e ti odi ẹ̀yìn ilẹ̀ náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé-ìwé. Kí ẹnikẹ́ni má gbé e kúrò níbẹ̀.

Mo fọwọ́ sí i ní Bir Sdir, ọjọ́ kejì oṣù Kẹwàá, ọdún 2019.

Dalenda, ìyàwó Slim

Àwọn ẹlẹ́rìí:
Béchir Ladhari, olùkọ́
Nefissa Kedidi