Ẹ̀rọ Ìdángi àti Apá Agbádá Bàbá

Ẹ̀gbọ́n mi Mùbàṣírù ní Sapele,

Ìyá àti ìyàwó yín ń kí yín. Ikọ́ Ìyá ti lọ.

Ẹ̀rọ ìdángi tí ẹ fi ránṣẹ́, èyí tó ń fi iná yí sáńpépà lórí pákó, kọjá àfẹnusọ. Mo fi sáńpépà tí kò kúnná bẹ̀rẹ̀, mo fi èyí tó kúnná parí. Pákó ìrókò ń dán bí omi. Ọjọ́ méjì ni à bá fi ewé ìpín ha á kó tó dán bẹ́ẹ̀.

Bàbá ti kíkí Jímọ̀ dé, ó fọwọ́ pa pákó náà. “Sùbúhánàlláhì! Nọ́fíù, gbé ẹ̀rọ náà fún mi.” Bó ṣe tan ẹ̀rọ náà báyìí, kíá ló lọ́ apá agbádá rẹ̀ wọlé. Mo fa wáyà iná yọ. Díẹ̀ ló kù kó mú ìka Bàbá. Bàbá ní, “O jẹ́ kó ya agbádá mi!”

Ẹ bá mi kọ̀wé sí Bàbá, kó máa bọ́ agbádá kó tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà, kó sì fi aṣọ bo imú nítorí eruku pákó. Tiyín ló ń gbọ́.

Kí Ọlọ́run dá a sí fún wa, tòun ti ìka rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá.

Àbúrò yín,
Nọ́fíù