Wọ́n Ní Kí N Mú Ẹbí Wá Kí N Tó Rí Fáìlì Ara Mi

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́. Iṣẹ́ télọ̀ ni mò ń ṣe ní Ushafa, lágbègbè Àbújá.

Lọ́dún tó kọjá, àìsàn ọpọlọ ṣe mí. Ẹ̀gbọ́n mi ló gbé mi lọ sílé ìwòsàn. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni mo lò níbẹ̀, mẹ́jọ péré ni mo rántí. Ẹ̀gbọ́n mi kì í gbé ìpè mi mọ́, kò sì sí ẹlòmíì tó lè sọ ìyókù fún mi. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ ka fáìlì mi.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti wọkọ̀ lọ sílé ìwòsàn náà. Akọ̀wé ibẹ̀ sọ fún mi pé, “Ẹni tó mú yín wá, tàbí ẹbí yín mìíràn, ló gbọ́dọ̀ wá buwọ́ lùwé kí ẹ tó rí fáìlì.”

Mo ní, “Èmi fúnra mi rèé, ara mi ti yá.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Kai! Gbogbo wọn ló ń sọ bẹ́ẹ̀.”

Ọlọ́kadà kan lẹ́nu géètì ní òun á ṣe bí àbúrò mi, òun á sì buwọ́ lùwé náà, fún ẹgbẹ̀rún méjì náírà. Mo kọ̀, kì í sì í ṣe nítorí owó. Mi ò fẹ́ kí àjèjì mọ ohun tó ṣe mí kí èmi tó mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé mo lẹ́tọ̀ọ́ láti gba fáìlì náà fúnra mi? Àbí kí n ṣì máa pe ẹ̀gbọ́n mi?