Ta Ló Kọ́ Ìyá Àgbà Ní Ọwọ́ Nínà?

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta

Ọkàn mi ò balẹ̀. N ó kọ ọ́ síbí kí n tó fẹnu kan tíì, torí bí mo bá wí i fáwọn ọmọ, wọ́n á ní ìyọnu Bàámi tún ti dé. Adájọ́, ọmọbìnrin mi, ò gbé fóònù láti àná. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń tọ́jú ìnàkí nínú ọgbà ẹranko, bí kò bá gbé fóònù, kí ni kí bàbá rẹ̀ rò?

Ó padà pè mí. Àhámọ́ ìnàkí ló ń fọ̀. Ó fi mí rẹ́rìn-ín.

Ó ti ṣàlàyé fún mi títí. Àhámọ́ ní irin tirẹ̀. Láti irin yẹn, ìgbésẹ̀ mẹ́ta gbáko kó tó kan ọ̀pá ìta, irin tí àwọn èrò ń dúró sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà kékeré kan wà lára ọ̀pá ìta, àgádágodo wà lẹ́nu rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ méjì péré: tirẹ̀ àti ti ọ̀gá ọgbà. Ó ní, “Bàámi, ìgbésẹ̀ mẹ́ta yẹn ni gbogbo iṣẹ́ mi. Òun ni kì í jẹ́ kí ẹranko ṣe èèyàn léṣe, òun náà ni kì í jẹ́ kí èèyàn ṣe ẹranko léṣe.” Eyín mẹ́rin ló ti jẹrà lẹ́nu Ìyá Àgbà — orúkọ tó ń pe ìnàkí rẹ̀ nìyẹn — nítorí súìtì tí àwọn èrò ń kì bọ̀ ọ́ lẹ́nu nígbà tí kò tíì sí ọ̀pá ìta.

Ọ̀la ni ìsinmi rẹ̀, á wá sùn lọ́dọ̀ mi. Àbúrò rẹ̀ tí à ń pè ní Atẹ́gùn náà á wá. Láti bí oṣù mẹ́ta, kì í pa Ìṣẹ́gun kan jẹ. Atẹ́gùn! Tí ọdún ń yípo tí n kì í rí! Ọmọ ń rántí bàbá. Ọpẹ́ ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin



Adájọ́ dé láàárọ̀, ó fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kọ́ ìṣó ẹ̀yìn ilẹ̀kùn bó ṣe máa ń ṣe, ó lọ sùn. Iṣẹ́ yẹn ń rẹ̀ ẹ́. Atẹ́gùn dé, ó bá mi tún fóònù mi ṣe, ó ní lẹ́tà inú rẹ̀ tóbi bí àkọlé ṣọ́ọ̀bù. A rẹ́rìn-ín. Ní aago mọ́kànlá ó ní òun ń lọ ra bátìrì. Ọgbà ẹranko àti ọjà kò jìnnà síbí, ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, ṣùgbọ́n ó kù díẹ̀ kí aago méjì lù kó tó padà. Ó ń làágùn. Ó wọlé, ó jáde, ó ní oníbàárà ń dúró de òun. Ta ló dè é mọ́lẹ̀ rí?

Aago méjì kọjá, fóònù Adájọ́ dún. Ọ̀gá ọgbà ni. Onífọ́tò kan tí ìyàwó tuntun àti ọkọ rẹ̀ bá pàdé nínú ọgbà mú wọn wọ inú ọ̀pá ìta lọ ya fọ́tò. Ìyá Àgbà na ọwọ́ jáde láàárín irin, ó di ìyàwó náà lọ́wọ́ mú, ó fà á. Apá ìyàwó yẹ̀, ìka kan ṣẹ́. Onífọ́tò ti sá. Ìbomú ló lò, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Wọ́n bá ẹnu ọ̀nà kékeré ní ṣíṣí, wọn ò sì já àgádágodo.

Adájọ́ sáré wá kọ́kọ́rọ́. Orí ìṣó tí mo ń fi fìlà mi kọ́ ló wà, kì í ṣe ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Mo ní èmi ni mo ṣì í gbé, ọjọ́ ogbó ti dé.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Wọ́n ní kí Adájọ́ lọ jókòó sílé. Kò sunkún. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje

Ọ̀gá ọgbà ò wo ọ̀tún, kò wo òsì. Ó ní kọ́kọ́rọ́ tòun wà nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì òun, kò kúrò níbẹ̀. Nítorí náà, Adájọ́ ló gbàgbé láti ti ẹnu ọ̀nà, tàbí kó jẹ́ pé ó gbé kọ́kọ́rọ́ fún ẹnìkan. Ìgbìmọ̀ ọgbà á jókòó lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún. Ní ti Ìyá Àgbà, wọ́n ní ẹranko tó bá ti ń fa èèyàn kò ṣeé tọ́jú mọ́. Bí ìgbìmọ̀ bá ti dìde, dókítà ẹranko á fún un ní abẹ́rẹ́ àsùn-ùn-jí.

Adájọ́ ní, “Bàámi, ọdún kẹsàn-án rèé, kò na ọwọ́ sí èrò rí. Ta ló kọ́ ọ?”

Mo ní kó jẹun. Kí ni mo mọ̀ nípa ìnàkí?

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Atẹ́gùn pè. Ohùn rẹ̀ rọ̀ bí òwú. Ó ní kí n gba Àǹtí òun níyànjú kó gbà pé òun gbàgbé láti ti ẹnu ọ̀nà, kó tọrọ àforíjì, ọ̀rọ̀ á tán. Ó ní irú àwọn onífọ́tò bẹ́ẹ̀ ló ń ba àwọn onífọ́tò gidi bíi tòun lórúkọ jẹ́. Mo súre fún un. Mo jíṣẹ́ fún Adájọ́.

Ó ní, “Bàámi, mo ti í.”

Ojú tì mí. Ìyá wọn ló sọ ọ́ ní Adájọ́, nítorí láti kékeré, kò lè purọ́ kó fi gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ ẹgba.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Atẹ́gùn ò wá.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Kí n kọ ọ́ bó ṣe rí, kí n má baà bu iyọ̀ sí i lọ́la.

Mo sin Adájọ́ lọ kó bàtà òjò àti aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Èrò ò sí lọ́gbà. Mo dúró sídìí ọ̀pá ìta, òun wọ ilé oúnjẹ tó wà lẹ́yìn àhámọ́. Ó pẹ́. Ìyọnu mi tún dé — mo mọ ara mi. Mo bá súfèé. Kúkúrú méjì, gígùn kan. Súfèé tí mo fi ń pè wọ́n wálé láti pápá ìṣeré nígbà tí wọ́n wà ní kékeré, tí ìyá wọn fi ń bi mí pé ṣé ajá lòun bí fún mi ni. Ìyá wọn ti lọ. Kò sẹ́ni tó tún mọ̀ ọ́n láyé yìí àfi àwa mẹ́ta.

Adájọ́ kọ́ ló kọ́kọ́ dáhùn. Ìyá Àgbà dìde nílẹ̀. Ó rọra wá sídìí irin, ó jókòó, ó gbé àgbọ̀n sókè bí ẹni tí wọ́n fẹ́ yà ní fọ́tò. Ó na ọwọ́ jáde láàárín irin. Ó ṣí àtẹ́lẹwọ́. Ó ń retí nǹkan tí wọ́n máa ń fi síbẹ̀.

Mo tún un sú. Ó tún nà án síwájú sí i.

Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, Adájọ́ ti dúró, bàtà òjò lọ́wọ́. Ìṣẹ́gun oṣù mẹ́ta ń kọjá lójú mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Bátìrì. Òógùn. Ìṣó fìlà. Mo rò pé èmi ni Atẹ́gùn ń wá wò. Kọ́kọ́rọ́ ló ń wá.

Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Èmi ni mo ń bomi rin ín.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù Atẹ́gùn. Mi ò débẹ̀ rí, ó rò pé mi ò ní débẹ̀, kò tilẹ̀ fi nǹkan pamọ́. Fọ́tò lára ògiri, ó lé ní ogún: tọkọtaya, ọ̀rẹ́ mẹ́ta, ìyá arúgbó kan tó ń rẹ́rìn-ín — gbogbo wọn ń bọ Ìyá Àgbà lọ́wọ́.

Kò jiyàn. Ó ní ẹ̀pà lòun máa ń fún un, pé lọ́jọ́ yẹn ni ẹ̀pà tán, ni inú fi bí i. Ó ní, “Bàámi, ẹranko ni. Èèyàn kankan ò kú.” Mo ní Àǹtí rẹ ńkọ́? Ó ní Àǹtí òun á ríṣẹ́ mìíràn, gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí olóòótọ́. Bó bá jẹ́ òun ni, àhámọ́ ọlọ́pàá ni wọ́n á sọ òun sí. Ó ti sọ ìwà rere ẹ̀gbọ́n rẹ̀ di ìrọ̀rí, ó fẹ́ fi sùn.

Mo bi í pé nínú gbogbo ohùn tó wà láyé, kí ló dé tó fi jẹ́ súfèé yẹn. Ó wolẹ̀. “Òun ló kọ́kọ́ wá sí mi lẹ́nu.”

Èyí ló dùn mí jù.

Mo ní kó wá fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ níwájú ìgbìmọ̀. Ó ní òun á wá. Ó dì mọ́ mi.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Ó ní òun á wá. Ọmọ mi ni. Á wá.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Kò wá.

Èèyàn mẹ́rin ló jókòó. Wọ́n bi Adájọ́ bóyá ó gbé kọ́kọ́rọ́ fún ẹnìkan. Ó ní rárá. Wọ́n bi í ta ló gbé e. Ó wo ilẹ̀, ó ní kí wọ́n bi bàbá òun. Ó ti mọ̀ láti Ọjọ́bọ̀, ó fi í sílẹ̀ fún mi. Mi ò mọ̀ bóyá àánú ni tàbí ìjìyà.

Mo ní kí wọ́n bá mi kálọ sí ìdí àhámọ́. Dókítà ẹranko ti wà níbẹ̀ pẹ̀lú àpótí rẹ̀. Mo dúró lẹ́yìn ọ̀pá ìta. Ẹnu mi gbẹ, súfèé àkọ́kọ́ ò dún, ọ̀kan nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wo aago. Mo fi ahọ́n ra ètè. Kúkúrú méjì, gígùn kan.

Ọwọ́ jáde. Àtẹ́lẹwọ́ ṣí.

Ọ̀gá ọgbà ní ta ló kọ́ ọ. Mo dárúkọ ọmọ mi. Orúkọ tí mo sọ ọ́ gan-an, kì í ṣe Atẹ́gùn. Mo dárúkọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mo ní orí ìṣó ilé mi ló ti ń mú kọ́kọ́rọ́.

Dókítà ti àpótí rẹ̀ pa. Adájọ́ á padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́la. Kọ́kọ́rọ́ ò ní jáde nínú ọgbà mọ́.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàlélógún

Adájọ́ bẹ̀ mí kí n má ṣe súfèé nítòsí ibẹ̀ mọ́ láéláé. Ó ní bí Ìyá Àgbà kò bá gbọ́ ọ mọ́, tí kò sì rí ẹ̀pà, á gbàgbé. Mo gbà. Ó bi mí bóyá mo jẹun.

Ṣọ́ọ̀bù Atẹ́gùn wà ní títì. Fóònù rẹ̀ ò lọ láti ọ̀sẹ̀ kan. Ọlọ́pàá ti wá lẹ́ẹ̀mejì. Mo kọ èyí sórí fóònù fún un, mo sì dà á kọ síbí bó bá ṣe pé kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀:

Ọmọ mi, èmi ni mo dárúkọ rẹ fún wọn, o ti gbọ́. Mi ò ní bẹ̀ ọ́. Inú ṣì ń bí mi. Ṣùgbọ́n ní Ìṣẹ́gun ọ̀túnla, ilẹ̀kùn mi ò ní wà ní títì. Kò sí kọ́kọ́rọ́ kankan lórí ìṣó mọ́, fìlà mi nìkan ló kù. Bí o bá wá, n ó mọ̀ pé èmi lo wá wò. A ó jùmọ̀ lọ bá ọlọ́pàá, n ò ní jẹ́ kí o dá lọ. Bí o kò bá sì lè wá, ṣáà fèsì kíákíá, bó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ kan péré.