Kọ́kọ́rọ́ Bírékà Tí Ọkọ Rẹ Ń Béèrè

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí àwọn ọmọ. Mo nígbàgbọ́ pé àlàáfíà ni gbogbo yín wà. Ara tèmi náà le, bí ara ẹni tí wọ́n lé wálé láti ibi iṣẹ́ ṣe lè le.

Mo rí lẹ́tà tí o fi ń bẹ̀ mí pé kí n tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọkọ rẹ, kí n sì fún un ní kọ́kọ́rọ́. Ṣé ó sọ ohun tí kọ́kọ́rọ́ náà ń tì fún ọ? Kò lè sọ ọ́. Ojú á tì í, bó bá jẹ́ ẹni tí ojú ń tì.

Bírékà ńlá tó ń gbé iná fún ẹ̀rọ ìlọ̀ wa wà nínú àpótí irin kan. Kókó kékeré kan wà lára rẹ̀ tí a máa ń yí. Tó bá wà nísàlẹ̀, bírékà á gé iná lójú ẹsẹ̀ tí iná bá bẹ́ láàárín wáyà. Tó bá wà lókè, á kọ́kọ́ rò ó ná kó tó gé e. Ẹ̀rọ ò lè gbéra àfi tó bá wà lókè, nítorí náà, a máa ń yí i wálẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó kiwọ́ bọ inú àpótí, a ó sì dá a padà tí iṣẹ́ bá parí.

Ọkọ rẹ fi tai sọ́rùn, ó di ọ̀gá wa, ó ní ìyẹn ń fi àkókò ṣòfò. “Iná ò gbọdọ̀ lọ,” ohun tó ń kọ lórin láàárọ̀ lálẹ́ nìyẹn, òun náà la sì fi ń pè é lẹ́yìn. Ó yí kókó náà sókè pátápátá, ó ní ẹni tó bá tún fọwọ́ kàn án, kó máa lọ ilé. Mo ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ó ní àwa oníwáyà, ojo ni wá. Ẹnu dùn ún ròfọ́.

Agùntáṣọọ́lò, ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́, wọlé lọ de nọ́ọ̀tì kan. Sípánà yọ̀ bọ́, iná bẹ́. Bírékà ṣì ń rò ó lọ́wọ́ nígbà tí iná ti jẹ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

Ọkọ rẹ sáré dé. O mọ ohun tó kọ́kọ́ bi mí? “Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò ba ẹ̀rọ jẹ́?” Mo yí kókó náà wálẹ̀, mo fi àgádágodo ara mi tì í. Ó ní kí n ṣí i. Mo ní kó kọ́kọ́ kiwọ́ bọ inú àpótí náà, kí n wá yí i sókè fún un. Akọni wa fẹ̀yìn rìn títí dé ẹnu ọ̀nà, ibẹ̀ ló sì dúró sí tó fi lé mi.

Kọ́kọ́rọ́ náà wà nínú àpòòwé yìí. Ṣùgbọ́n bá a lọ síbẹ̀. Ní kó yí kókó rẹ̀ sókè bó ṣe fẹ́ ẹ, kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ de nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo, kí ìwọ dúró máa wò ó. Bó bá ṣe é, màá wá dọ̀bálẹ̀ fún un. Bí o kò bá sì lè jẹ́ kó ṣe é nítorí pé o fẹ́ràn rẹ̀, rántí pé ìyàwó Agùntáṣọọ́lò náà fẹ́ràn ọkọ tirẹ̀.

Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí o rí ibi lórí àwọn ọmọ rẹ. Kó máa ṣọ́ ọkọ rẹ náà, nítorí kò mọ bí a ti ń ṣọ́ ẹlòmíràn.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ tí a jọ mu ọmú kan náà.

Àfikún: Agùntáṣọọ́lò ní kí n kí ọ. Ó fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ síbí, ṣùgbọ́n kò tíì lè di bírò mú.