Ọtí tí Wọ́n Gbé Wá sí Ilẹ̀ Àánú

Ilé Ìyá Àdúrà,
Àyèká, nítòsí Òkìtìpupa,
Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Èbìbí, 2024.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Susan,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Ìyá ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́ díẹ̀? Ara àwa náà le, ṣùgbọ́n inú ń bí mi débi pé oúnjẹ ò dùn lẹ́nu mi.

Ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ wa ọ̀dà tí wọ́n fi ń ṣe títì ti dé Àyèká. A ò lé wọn o. Àlejò ni wọ́n, a sì kí wọn káàbọ̀. Àṣé ẹni tí a ní kó jókòó ní pálọ̀ ti gba yàrá lọ! Ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àwọn obìnrin dojú bolẹ̀ lórí ilẹ̀ àánú ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa, wọ́n ń gbàdúrà, bàtà wọn wà níta ọgbà bí a ti máa ń ṣe. Làwọn òṣìṣẹ́ yìí bá wọ bàtà gìdìgbà gba àárín wọn kọjá, wọ́n gbé ẹ̀rọ kalẹ̀, wọ́n lu ihò sínú ilẹ̀ tí Màmá Abọ́sẹ̀dé, ìyá àdúrà wa, kì í jẹ́ kí a tutọ́ sí. Wọ́n ní àlejò lójú, kò fi ríran. Ó ṣáà lẹ́nu tó lè fi béèrè.

Nígbà tí a fárígá, wọ́n rán ọ̀gá kan tó ń jẹ́ Benedict wá bẹ̀ wá. Gbọ́ ohun tó gbé dání: páálí ọtí ṣínáàpù! Ó gbé e síwájú Aládùúrà tí kì í fi ọtí kan ẹnu, ó ní wọ́n kọ́ òun pé ohun tí wọ́n fi ń bẹ àgbà ilẹ̀ Yorùbá nìyẹn. Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Màmá wá ní, "Ọmọ mi, ta lẹ bi léèrè nípa wa?"

Ó ní àwọn kan ní Èkó ni.

"A wà níbí, ẹ lọ ń béèrè wa lọ́wọ́ ará Èkó?"

Ó tún ní àwọn á ṣe ilẹ̀ àánú mìíràn fún wa, àwọn á fi táìlì sí i. Táìlì kẹ̀! Níbi tí èmi pẹ̀lú rẹ ti fi omijé rin iyanrìn nígbà tí wọ́n ń pè ọ́ ní àgàn, kí Olúwaṣèyífúnmi tó dé?

Màmá ti ní a ò ní lọ ṣèpàdé ní ọ́fíìsì wọn. Orí ilẹ̀ náà la ó ti pàdé ní Sátidé tó ń bọ̀. Wọ́n á bọ́ bàtà, wọ́n á sì bi àwa tí a ni ín léèrè. Wọ́n ti gbà, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ wọn ṣì wà lẹ́bàá ọgbà, ọkàn mi ò sì balẹ̀.

Dámiláre ọkọ mi kí ọ, Salome ọmọ wa náà kí ọ. Bá mi kí gbogbo ará ilé.

Susan, má sọ pé o ò ráyè. Wá, kó o sì mú ọmọ náà dání. Àwọn ń sọ pé ọ̀dà ló wà nínú ilẹ̀ yẹn. Jẹ́ kí wọ́n rí ohun tí àwa rí gbà níbẹ̀.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tó ń retí rẹ,
Ṣìkẹ́mi.